Ẹsẹ̀ Tó Kọjú Sílé

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ pa ẹnu mọ́ ná, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá gba aṣọ, aṣọ yín ò sá lọ. Ọmọ mi ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, mi ò fẹ́ kí ariwo yín bá mi wọnú bébà. Aránṣọ, ohunkóhun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó o kọ. Kọ èyí náà sí i, kó lè mọ̀ pé èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, kó má lọ rò pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọlọ́wọ́-Amọ̀, ọmọ ọmọ mi, a kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé ò ń sùn dáadáa? Ṣé ò ń jẹun, àbí amọ̀ yẹn náà lò ń bù jẹ níbẹ̀? Èmi wà dáadáa, àfi orúnkún tó máa ń bá mi jà bí òjò bá ti ń ṣú. Súwẹ́tà tó o fi ránṣẹ́ dé. Ó gbà mí, ó tún gba aránṣọ mọ́ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe tóbi tó lọ́kàn ẹ, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

O ní inú ń bí ẹ pé mi ò gbé fóònù. Mo ti sọ ọ́, màá tún un sọ: ohùn tó bá ń pè mí, tí mi ò rí ẹnu tó ti ń jáde, mi ò ní dá a lóhùn. Mo ní ìdí mi. Bébà kì í dúró lẹ́yìn èèyàn kó máa pe orúkọ ẹ̀. Bébà ni kó o máa kọ sí mi. Ẹ wo obìnrin tó wá gba búláòsì yìí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Rẹ́rìn-ín, ìyá. Ìwọ náà á darúgbó.

Ó dáa, ká lọ síbi tó o bi mí. O ní wọ́n fún ẹ ní yàrá ńlá kan, pé kó o kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ síbẹ̀ kí àwọn èèyàn wá wò ó. Inú mi dùn gan-an ni. O tún ní nínú gbogbo ohun tó wà láyé, àwọn ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí òkúta ẹ̀yìnkùlé wa ló ń wá sí ẹ lọ́wọ́. Ṣé kò sí ẹyẹ lọ́dọ̀ yín ni? Ṣé kò sí òdòdó?

Ṣùgbọ́n o ti bi mí. Bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ nìyí. Nígbà tí òkúta ò tíì le, tó ṣì rọ̀ bí amọ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, obìnrin kan wà níbẹ̀. Ilé wà lápá kan, omi wà lápá kejì, òkúta wà láàárín. Ẹnì kan pè é, ó sì lọ jẹ́ ìpè ẹni yẹn. Bó ṣe ń rìn lẹsẹ̀ ẹ̀ ń rì. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ ìkẹyìn ni òkúta le. Àwa bá àwọn ẹsẹ̀ yẹn níbẹ̀, àwọn tó bí wa náà bá wọn níbẹ̀. Ta ló pè é, apá ibo ló ti pè é, ìyẹn ò ní ti ẹnu mi jáde. Ẹni tó bá débẹ̀ á fojú ara ẹ̀ rí i. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, mi ò ní tìtorí tìẹ yí i padà.

O ní kí n wọn àwọn ẹsẹ̀ náà fún ẹ. Mo mú okùn ẹní mi, mo lọ wọ̀n wọ́n láàárọ̀, ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Okùn gígùn yẹn ni ọ̀nà, láti ilé dé omi. Ẹnu ẹ̀ tó wà lápá omi, mo fi ẹrẹ̀ pa á. Okùn kúkúrú kọ̀ọ̀kan tí mo lọ́ mọ́ ọn jẹ́ ẹsẹ̀ kan, ibi tí ẹsẹ̀ yẹn wà gan-an ni mo lọ́ ọ mọ́. Mo ta kókó sí ẹnu kan lára okùn kúkúrú kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ahunẹní ni ẹ́, mi ò ní máa kọ́ ẹ ní ìtumọ̀ kókó.

Aránṣọ ní kó o bá òun ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, pé owó lẹ́tà kíkọ nìyẹn. Èmi ò béèrè nǹkan kan ju pé ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé. Ilé yìí ti ń wò mí jù.

Èmi ni, ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ìyá àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú orúnkún. Ẹ bá mi kí aránṣọ, ẹ ní mo ti ra abẹ́rẹ́, ó wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Kó má jẹ́ kó gún un lọ́wọ́.

Okùn yín dé. Nígbà tí mo tú u, òórùn ilé wa ló kọ́kọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo wà fún yín, kẹ́ ẹ lè fojú inú rí i. Yàrá iṣẹ́ mi wà lábẹ́ ilé, lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì. Fèrèsé ẹ̀ ò ju ìwọ̀n ojú ìwé lọ, bàtà àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà nìkan ni mo ń rí. Síǹkì wà ní ògiri ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn wà níwájú. Torí pé ibi síǹkì nìkan lomi wà, ibẹ̀ ni mo fi ẹnu okùn tó ní ẹrẹ̀ sí, mo na ìyókù dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo wá ń mọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síbi tẹ́ ẹ lọ́ okùn mọ́. Amọ̀ aláwọ̀ eérú ni mò ń lò, ó ń dán bí awọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Baba Kọ́kọ́rọ́, ìyẹn bàbá tó ń tọ́jú ilé yìí, yọjú lánàá. Ó wò ó títí. Ó ní ó dà bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ló bá sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ara ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà, ohun kan wà tí mo fẹ́ bi yín. Bàtà màámi ẹyọ kan tẹ́ ẹ fún mi nígbà tí mò ń lọ, mo ṣì ní in. Mo fi okùn yín wọ̀n ọ́n. Wọ́n dọ́gba. Kò lé, kò dín. Ṣé ẹsẹ̀ orí òkúta lẹ wọ̀n, àbí ẹsẹ̀ màámi?

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti bi yín nípa màámi, obìnrin orí òkúta lẹ máa ń sọ fún mi. Láti kékeré ni. Ẹ ò jẹ́ kí n débẹ̀ rí, láti fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti máa ń wò ó. Mo ti dàgbà báyìí. Ẹ sọ fún mi.

Ọmọ ọmọ yín,
Ọlọ́wọ́-Amọ̀


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Ọlọ́wọ́-Amọ̀,

Má bínú pé mi ò kí ẹ pẹ́. Dá àwọn ẹsẹ̀ yẹn padà.

Ìgbà tí aránṣọ ka ibi tí Baba Kọ́kọ́rọ́ ti ní ẹnì kan ń jáde bọ̀ látinú omi, mo ní kó dúró. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Mo wá bi í pé, aránṣọ, tó o bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, ìgbà wo lo máa ń ta kókó sí òwú? Ó ní kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ni, kí òwú má baà yọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, èmi ńkọ́, tí mo bá ń hun ẹní? Ó ní ẹ̀yin máa ń hun ún tán kẹ́ ẹ tó ta kókó sí i. Ẹ̀rín wá kúrò lẹ́nu ẹ̀.

O rí i báyìí. Abẹ́ aránṣọ lo ti kọ́ṣẹ́ kó o tó lọ sọ́dọ̀ àwọn alámọ̀. Ibi tí mo ta kókó sí, ìka ẹsẹ̀ ni, ibi tí ẹsẹ̀ parí sí. Ìwọ mú un ní gìgísẹ̀. O ti yí gbogbo ẹsẹ̀ obìnrin yẹn padà.

Nígbà tí mo ní mi ò ní sọ apá ibo ló ń lọ, kì í ṣe agídí. Ìyókù ìtàn náà nìyí, mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọwọ́ ẹ ti sọ ọ́ ṣáájú ẹnu mi. Obìnrin yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ọmọ ẹ̀ ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn ẹ̀. Ló bá gbọ́ tí ọmọ yẹn ń pè é látinú omi. Ohùn ọmọ ẹ̀ gan-an ni. Kò bojú wẹ̀yìn, ó ń lọ. Ó kù díẹ̀ kó wọnú omi ni ọmọ tòótọ́ jí nínú ilé, tó ké sí i. Ó gbọ́. Ó fẹ́ yíjú, ṣùgbọ́n òkúta ti le mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Omi fà á lọ, àwọn ẹsẹ̀ ló kù. Ìyá ìyá mi ní ó ṣì ń gbọ́. Ó ń tẹ́tí kí ẹnì kan ṣèèṣì sọ ibi tílé wà fún un. Ìdí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ apá ibo ló lọ nìyẹn. Ìwọ ò sọ ọ́ lẹ́nu, o mọ ọ́n lámọ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ.

Ẹni tó ti wà nínú omi látìgbà náà, ṣé o mọ ohun tó kù lára ẹ̀? Ṣé o mọ ohun tó máa fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn fún un?

O bi mí nípa ìyá ẹ. Ìyá ẹ ń ká aṣọ. Mo ń hun ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìwọ sùn sórí èyí tí mo ti hun tán. Ó gbórí sókè. Ó ní, ‘Màmá, ṣé ẹ gbọ́?’ Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ọmọ òun ń ké lódò. Mo ní ọmọ ẹ rèé. Kò wò ó. Ojú ẹ̀ ti lọ. Nígbà tí mo fi máa dìde lórí ẹsẹ̀ mi, ó ti wà lórí òkúta, ó ń fi gìgísẹ̀ ọ̀tún wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, kò dúró mú un. Ìgbà yẹn gan-an lo jí, tó o bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó yíjú. Mo rí ojú ẹ̀. Àwọn èèyàn wọ omi, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Bàtà yẹn ló wà lọ́wọ́ ẹ.

Ẹsẹ̀ orí òkúta ni mo wọ̀n. Pé ó bá bàtà yẹn dọ́gba, èmi náà ti mọ̀ tipẹ́.

Dá wọn padà, ọmọ mi. Tí kò bá ṣeé dá padà, fọ́ wọn.

Ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Ìyá àgbà mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ fún mi. Mo ka lẹ́tà yín lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì, mo sì jókòó kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ọ́lẹ̀.

Mi ò lè dá wọn padà. Wọ́n ti sun wọ́n nínú iná, wọ́n ti le, wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ wọ́n mọ́ igi pẹrẹsẹ tí wọ́n máa gbé lọ sí yàrá ìpàtẹ. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn. Tí mo bá fọ́ wọn, mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè kó síbẹ̀, wọn ò sì ní pè mí mọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, kì í ṣe ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Láti bí ọjọ́ mélòó kan, tí mo bá dé láàárọ̀, omi máa ń wà nínú àwọn ẹsẹ̀ náà. Díẹ̀ ni, bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ tútù kúrò ńbẹ̀. Apá síǹkì nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀. Baba Kọ́kọ́rọ́ nù ún, ó ń kùn pé àwa alámọ̀ ò mọ bá a ṣe ń ti ẹ̀rọ omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kan ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó pe ẹni tó ń tún páìpù ṣe. Ìyẹn tú gbogbo ẹ̀, ó ní kò sí ibi tó ń jò. Ní báyìí, Baba Kọ́kọ́rọ́ tó ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé yìí lọ́wọ́ máa ń kanlẹ̀kùn kó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni nínú ẹ̀.

Àná ni mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo pè é. Mo ní, ‘Màámi.’ Mi ò pe ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ẹnu mi ò mọ bó ṣe ń rí. Nígbà tí mo wolẹ̀, omi ti wà nínú ẹsẹ̀ tó sún mọ́ mi jù.

Ìyá àgbà, ẹ̀yin rí ojú ẹ̀. Ẹ mọ ohùn ẹ̀. Èmi, bàtà ẹyọ kan ni mo mọ̀. Tó bá jẹ́ òun ló ń bọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ kí n lé e padà?

Ọlọ́wọ́-Amọ̀


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọlọ́wọ́-Amọ̀, ṣé dáadáa lo wà?

Lẹ́tà ẹ dé, mo sì ní kí aránṣọ ká a mọ́ra kó má kà á fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò ní jà. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá lè fi ohùn ọmọ pe ìyá, ṣé kò wá lè fi ẹsẹ̀ ìyá wá bá ọmọ? Mo ti sin ẹnì kan láìrí òkú ẹ̀. Má jẹ́ kó jẹ́ ẹni méjì.

Dá mi lóhùn kíá. Àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ò pariwo lónìí. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n dákẹ́.

Ìyá àgbà ẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ìyá àgbà mi,

Mo gba lẹ́tà yín. Ẹ má fòyà, ara mi le.

Wọ́n ti ṣí ìpàtẹ náà. Èèyàn pọ̀. Kò sẹ́ni tí mo sọ ìtàn náà fún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró síbi tí àwọn ẹsẹ̀ náà kọjú sí. Wọ́n pín sápá méjì fúnra wọn, wọ́n fi àárín sílẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń yàgò fún ẹni tó ń kọjá. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí sunkún, kò lè sọ ìdí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Kódà lórí igi tí wọ́n gbé wọn lé, tí kò sí síǹkì níbẹ̀, omi ṣì ń wà nínú wọn. Mo ń nù ún kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìpàtẹ parí, mo mú aṣọ ìnulẹ̀ lọ, gbogbo wọn ti gbẹ. Mo fọwọ́ kan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbẹ táútáú. Ilẹ̀kùn tí mo tì ṣí sílẹ̀. Kò sóhun tó sọnù.

Mo rò pé ó ti jáde. Mi ò mọ ibi tó gbà. Ìyá àgbà, ibo ló máa lọ?

Ọlọ́wọ́-Amọ̀


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà

Ọlọ́wọ́-Amọ̀, ọmọ mi,

Lẹ́tà mi kan ti lọ lẹ́yìn èyí tó o kọ kẹ́yìn, kò sí èsì. Mi ò mọ̀ bóyá kò dé ni, àbí o ti kó kúrò lábẹ́ ilé àwọn oníbẹ́ẹ̀dì. Mo tún ní kí aránṣọ wá. Ilé mi ló wá sí lónìí, òun àti bírò ẹ̀, torí òjò ti ń rọ̀ látàná, orúnkún ò jẹ́ kí n jáde. Òun ló ń bá mi se tíì bó ṣe ń kọ èyí, tó o bá rí ibi tí bébà ti rin, tíì ni.

O bi mí pé ibo ló máa lọ. Mo ti ronú sí i. Nígbà tí òjò kọ́kọ́ dá lóṣù tó kọjá, èmi àti aránṣọ lọ sórí òkúta. Àtìgbà tí mo ti dáyé, tí òjò bá ti rọ̀, àwọn ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń gbomi dúró, àwọn ẹyẹ á wá mu níbẹ̀. Gbogbo òkúta tutù rinrin lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ẹsẹ̀ nìkan ló gbẹ. Aránṣọ ti ọwọ́ bọ ọ̀kan, ó yọ ọ́ kíá, ó ní ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò tíì bá ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ dáadáa látọjọ́ yẹn. Má bínú, aránṣọ, òótọ́ ni, kọ ọ́.

Ibo lẹni tí kò mọ ibòmíràn á lọ? Ibí ló mọ̀. Níbí lo ti kọ́kọ́ ké pè é.

Ọmọ mi, mo ti ń bẹ̀rù ohùn látìgbà tí ìyá ẹ ti lọ. Ohùn ni mò ń bẹ̀rù, mo wá gbàgbé ojú. Ojú tó yí padà sí wa lórí òkúta yẹn, kì í ṣe ojú ẹni tó fẹ́ lọ. Mo ní kó o dá ẹsẹ̀ ẹ̀ padà sínú omi. Èmi tí mo bí i. Lálẹ́ tí mo bá dùbúlẹ̀ ni mo máa ń rò ó.

Mo ti hun ẹní tuntun kan. Kì í ṣe títà. Mo tẹ́ ẹ síbi tó o sùn sí lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kó o wá, torí tó bá dé lóòótọ́, èmi kọ́ ló ń wá. Ọmọ tó ń ké ló ń wá. Mo ń bẹ̀ ẹ́ kó o

Aránṣọ, dúró. Ṣé o gbọ́?

Kì í ṣe òjò. Ẹnì kan wà ní fàráńdà. Kò wọ bàtà, gbọ́ bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì. Ó ń fi gìgísẹ̀ ọ̀tún wọ́ díẹ̀. Ọmọ tí mo bí nìkan ló ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Máa kọ, má dúró, bó o bá dúró ẹ̀rù á bà mí.

Ó pè mí. Ó ní, ‘Màmá.’

Mi ò ní dáhùn. Ìwọ náà má dáhùn. Ìwọ tó ò ń pè mí, bọ́ síwájú kí n rí ẹnu ẹ.

Ó ti wọlé. Omi ń kán lórí ẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dì í mú bí ẹni di ọmọ mú. Mo mọ bàtà yẹn, èmi ni mo fún un nígbà tó ń lọ. Ó ti sanra díẹ̀, kò gé irun ẹ̀, amọ̀ wà lábẹ́ èékánná ẹ̀.

Aránṣọ, gbé bírò sílẹ̀. Ẹni tá à ń kọ ọ́ sí ti dé.

Rárá, má ti ilẹ̀kùn. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá ẹnì kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.